Ẹ̀yìn orúnkún ni, kì í ṣe iwájú: ìtọ́jú ìrora màmá kan tí a pààrọ̀ orúnkún fún ní Ilé-Ifẹ̀

Màmá kan tó ń ta epo pupa ní ọjà Odò-Ògbè, níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà fi dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí mo ṣe kọ ọ́ yìí náà ló ṣe ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kun aláìsàn lóorun ní tíátà, kí n sì rí i pé ìrora kò dá wọn lóró nígbà tí wọ́n bá padà sí wọ́ọ̀dù. Mo ń kọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, fún nọ́ọ̀sì, fún àwọn físíò, àti fún dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń fún abẹ́rẹ́ nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn abẹ́rẹ́ tó ń dí okùn tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, torí pé láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùnà fún Màmá yìí.

Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, kílò 74 ni wọ́n sì wọ̀n. Kèrékèré orúnkún wọn méjèèjì ti jẹ tán, eegun ń ha eegun, ẹsẹ̀ ti tẹ̀ sóde bí ọrun. Ní ọdún méjì ṣáájú kí n tó mọ̀ wọ́n, ilé ìwòsàn kan ní ìlú mìíràn ti pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún. Iṣẹ́ abẹ yẹn dára. Mo wo fọ́tò eegun náà, irin jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí. Ìrora tó tẹ̀lé e ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ ìdí nìkan ni oògùn ìrora tí Màmá rí gbà, ìgbà tí wọ́n bá sì ti ké títí ló tó máa ń dé. Ẹnì kan sọ fún wọn lórí bẹ́ẹ̀dì pé abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́fà kì í pariwo nítorí orúnkún. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n panu mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Orúnkún tuntun tí a ò bá tètè máa ká, ńṣe ló máa ń gan. Ti Màmá gan sí 70 dígírì. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ká dé 70 lè rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àmọ́ àtẹ̀gùn á ṣòro fún un, kò sì ní lè jókòó sórí àpótí kó tún dìde láìjẹ́ pé wọ́n fà á. Orí àpótí sì ni ẹni tó ń rọ epo sínú ìgò ń jókòó sí. Fún ọdún méjì, orí ìdúró ni Màmá ti ń tajà. Orúnkún òsì, tí kò tíì rí abẹ, ló wá ń gbé gbogbo ara, ó sì ń bàjẹ́ sí i.

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń ṣe tíṣà ní Mọdákẹ́kẹ́, ló fi ẹ̀bẹ̀ mú wọn wá kí a lè pààrọ̀ ti òsì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá bá mi sọ nìyí: "Dókítà, ọmọ mi, ṣé ẹ ó mú kí n má gbọ́ ìrora ni, àbí ẹ̀yin náà ó ní kí n ṣe sùúrù?" Mo ní mi ò lè ṣèlérí pé wọn ò ní gbọ́ ìrora rárá, ṣùgbọ́n mo ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe sùúrù.

Nǹkan méjì ló dín ohun tí mo lè fún wọn kù. Àkọ́kọ́ ni kídìnrín. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Màmá ti ń ra diclofenac ní kẹ́mísìtì, tí wọ́n ń fi àgbo lé e, tí wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé agbára kídìnrín wọn ti ń dín kù. Diclofenac, ibuprofen àti àwọn ẹbí wọn ń ṣiṣẹ́ gidi lórí ìrora eegun, àmọ́ wọ́n ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kídìnrín kù. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀, tó ń lo lisinopril, ìyẹn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún máa pàdánù ẹ̀jẹ̀ ní tíátà, kò yẹ kó gbà wọ́n. Mo fa igi lé gbogbo wọn. Èkejì ni pé pentazocine, ìyẹn abẹ́rẹ́ ìdí ìgbà àkọ́kọ́, èébì àti òòyì ló kó bá wọn. Abẹ́rẹ́ nẹ́ẹ̀fù ló wá kù tí mo lè fara tì.

A tún ní láti rí ọ̀nà tí a ó fi máa wọn ìrora. Ìwé ní kí a bi aláìsàn pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni? Mo bi Màmá bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn ń wò mí. Mo wá ní kí wọ́n fi ìgò epo rò ó: tí ìrora yìí bá jẹ́ epo, báwo ló ṣe kún tó nínú ìgò? Ojú wọn là. "Ó wà ní ìdajì báyìí. Tí mo bá fẹ́ dìde, á dé ọrùn." Láti ọjọ́ yẹn, ìgò la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì kí àwọn nọ́ọ̀sì lè máa fi bi wọ́n.

Ohun tí a pinnu, àti ohun tí mo fi sílẹ̀

Nẹ́ẹ̀fù ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, tó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ padà wá fún iṣan. Bí a bá da oògùn bíi bupivacaine yí i ká, ìròyìn ò ní kọjá fún wákàtí mélòó kan. Òun là ń pè ní bulọ́ọ̀kì. Orúnkún kì í ṣe ti nẹ́ẹ̀fù kan ṣoṣo. Iwájú rẹ̀, femoral àti saphenous tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yìn rẹ̀, sciatic àti obturator ló ni ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú èyí dání, orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní dúró lé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, femoral la máa ń dí, lókè pátápátá níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ó ń pa ìrora dáadáa. Ṣùgbọ́n femoral kan náà ló ń gbé àṣẹ fún iṣan ńlá iwájú itan tó ń na orúnkún. Tí a bá ti dí i, ẹsẹ̀ ò lè gbé ara mọ́. Aláìsàn á dìde lóru láti lọ tọ̀, orúnkún á yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á sì ṣubú lé orúnkún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Láti bí ọdún 2010 wá, púpọ̀ nínú wa ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí agbede itan, níbi ọ̀nà tóóró kan tó gba abẹ́ àwọn iṣan kọjá, tí a ń pè ní adductor canal. Kí nẹ́ẹ̀fù tó dé ibẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ka tó ń gbé agbára fún itan ti yà kúrò lára rẹ̀. Ìrora iwájú orúnkún á kú, itan á ṣì lágbára. Ọjọ́ kejì la fẹ́ kí Màmá dìde rìn, nítorí náà ibẹ̀ ni mo yàn.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tí a ń gún sí ọ̀pá ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ ara má baà gbọ́ ìrora, la máa fi ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an. Ọmọ wọn bẹ̀rù rẹ̀, ó ní àwọn ènìyàn ń sọ pé ó máa ń sọni di arọ. Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe nǹkan àná: láti 1898 ni August Bier ti fi ṣe iṣẹ́ abẹ ní ìlú Kiel ní Jámánì. Mi ò fi ẹ̀fọ́rí pamọ́ fún un, torí pé Bier fúnra rẹ̀ jẹ ìyà ẹ̀fọ́rí yẹn nígbà tó ní kí wọ́n dán an wò lára òun. Mo fi abẹ́rẹ́ tí a ń lò nísinsìnyí hàn án, bó ṣe tín-ín-rín tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó gbà.

Ohun tí mi ò ṣe ló ṣe pàtàkì jù. Abẹ́rẹ́ kan wà tí a ń pè ní iPACK, tí a fi ń da oògùn sí àárín òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ẹ̀yìn orúnkún àti àpò orúnkún, kí àwọn ẹ̀ka nẹ́ẹ̀fù kéékèèké tó wà níbẹ̀ lè dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rọ. Dókítà eegun náà lè fi oògùn rin ẹ̀yìn orúnkún láti inú kó tó rán an. A ò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Mo rò pé adductor canal á tó, nítorí ó ti tó fún àwọn kan tí mo tọ́jú ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Màmá kì í ṣe irú tiwọn. Ó ti pẹ́ tí orúnkún yẹn ò ti nà tán. Kí ó tó lè nà, dókítà eegun ní láti tú àpò ẹ̀yìn orúnkún kúrò lára eegun. Ibi tí iṣẹ́ ọ̀bẹ pọ̀ sí jù lẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ni mo fi sílẹ̀ láìdí.

Ọ̀sán

Aago mẹ́jọ ló yẹ ká wọlé, ẹ̀jẹ̀ tí a ń retí ò tètè dé, aago mẹ́wàá ti kọjá ká tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn wọlé láìsí wàhálà, mìlílítà 2.5 bupivacaine tó wúwo. Nígbà tó di aago mọ́kànlá mo fi parasitamọ́ọ̀ gíráàmù 1 sínú omi tó ń kán sí wọn lára, pẹ̀lú dexamethasone mílígíráàmù 8 nítorí èébì. Ní aago méjìlá ààbọ̀ wọ́n rán ojú abẹ tán. Mo gbé ojú sikáànù lé agbede itan, mo rí òpó ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń lù, mo rí ibi tí saphenous wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo da mìlílítà 20 bupivacaine 0.25% yí i ká. Mílígíráàmù 50 nìyẹn. Òté tí mo fi fún ara mi ni mílígíráàmù 2 fún kílò kan. Fún Màmá, 148 lápapọ̀. Mo kọ ìṣirò náà sílẹ̀, mo sì rọ gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pé kó máa kọ ọ́. Tí oògùn yìí bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, etí aláìsàn á máa hó, ètè rẹ̀ á kú, gìrì á mú un, ọkàn rẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró. Lipid emulsion 20% tí a fi ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ là gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo yọjú sí wọ́ọ̀dù ní aago méjì, Màmá ń mu ẹ̀kọ, wọ́n ní ìgò òfo ni. Inú mi dùn, mo lọ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, fóònù mi dún. Nọ́ọ̀sì ni. "Dókítà, bulọ́ọ̀kì yín ò ṣiṣẹ́ o. Omijé ń bọ́ lójú Màmá. Ṣé kí n fún wọn ní pentazocine?" Mo ní kó dákun, kó dúró dè mí.

Màmá ò pariwo. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di irin bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n fi eyín di ètè, omijé ń ṣàn lọ sí ihò etí wọn lórí ìrọ̀rí. Wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbà àkọ́kọ́: abiyamọ kì í ké. Mo bi wọ́n bóyá ó ti dé ọrùn ìgò, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n fi ibẹ̀ hàn mí. Ọwọ́ wọn ò dé e. Wọ́n wá mú ọwọ́ mi, wọ́n tì í sábẹ́ orúnkún, sí àárín báńdéèjì àti ìrọ̀rí, wọ́n fi ìka wọn tẹ ìka mi mọ́ ibẹ̀. "Ẹ̀yìn orúnkún ni, Dókítà. Kì í ṣe iwájú. Iwájú ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Mi ò dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi. Gbogbo wa là ń sọ pé bulọ́ọ̀kì ò ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí aláìsàn bá ń sunkún, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń dí wa lójú, torí pé tí a bá ti sọ ọ́ tán, ohun tó kàn ni abẹ́rẹ́ ìdí. Mo ní kó fún mi ní òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì. Mo fi kan apá inú ojúgun, wọn ò gbọ́ pé ó tutù. Mo fi kan apá òde, wọ́n ní ó tutù. Bulọ́ọ̀kì wà níbi tí mo fi sí, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó bo gbogbo ẹsẹ̀ látàárọ̀ ló ti lọ, ó sì ṣí ẹ̀yìn orúnkún sílẹ̀ fún ìrora.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe tètè fún abẹ́rẹ́ mìíràn. Ìrora tó ju bó ṣe yẹ lọ lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń sun sínú ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ báńdéèjì tó fún jù, ó lè jẹ́ iṣan tó wú dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò fi rí ọ̀nà gbà mọ́. Bulọ́ọ̀kì tuntun á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa kú lọ lábẹ́ rẹ̀. Mo tú báńdéèjì díẹ̀. Mo fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ojúgun, ó rọ̀. Ẹsẹ̀ gbóná, mo gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù lórí ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè, kí wọ́n tì í sísàlẹ̀, wọ́n ṣe méjèèjì. Dókítà eegun wá, òun náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹsẹ̀ kò ní àléébù. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ dì, aago mẹ́jọ alẹ́ ló wà fún, kò tíì wọlé. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún iPACK.

Iná lọ bí mo ṣe gbé sikáànù lé ẹ̀yìn orúnkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní bátìrì, ojú rẹ̀ tilẹ̀ wá hàn kedere sí i nínú òkùnkùn yẹn. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá wà níbẹ̀, dúdú roboto, ó ń lù. Mo gba àárín òun àti eegun kọjá jẹ́jẹ́, mo ń fà á wò bóyá ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀lé abẹ́rẹ́, kò tẹ̀lé e, mo da mìlílítà 15 bupivacaine 0.25% síbẹ̀. Tí a bá ro ó pọ̀ mọ́ ti abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn àti ti itan, mílígíráàmù 100 ni gbogbo rẹ̀, kò dé òté. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, Màmá jọ̀wọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Mo bi wọ́n pé ìgò ńkọ́? "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló kù nísàlẹ̀." Kó tó di aago márùn-ún ààbọ̀, wọ́n ti sùn lọ.

Ká ní pentazocine ni a fún wọn ni, wọn ì bá bì, òòyì ì bá kọ́ wọn, ìrora ì bá ṣì wà níbẹ̀, a ò sì ní mọ ibi tó ti wá.

Ìdájí

Àṣìṣe kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé kò gba ìmọ̀ kankan láti yẹra fún un. Nínú ìwé oògùn, mo kọ parasitamọ́ọ̀ gíráàmù 1 ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, mo sì fi kún un pé "tí ìrora bá wà." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ló ṣe é. Nígbà tí ti aago márùn-ún tó, nọ́ọ̀sì gbé e lọ, Màmá ní, "Kò dùn mí mọ́, kí ni mo ń lo oògùn fún?" Nígbà tí ti aago mọ́kànlá tó, wọ́n ti sùn, nọ́ọ̀sì alẹ́ ò sì jí wọn. Ohun tí mo kọ ni wọ́n tẹ̀ lé. Báyìí ni wákàtí mẹ́tàdínlógún kọjá tí oògùn ìrora kankan ò wọ ẹnu Màmá, bẹ́ẹ̀ bulọ́ọ̀kì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ oorun wọn.

Bupivacaine tí a bá dà sí nẹ́ẹ̀fù lẹ́ẹ̀kan máa ń tó wákàtí méjìlá sí méjìdínlógún. Ẹni tó gbà á ní ọ̀sán, òru ló máa tán fún un, nígbà tí nọ́ọ̀sì kéré jù ní wọ́ọ̀dù, tí dókítà wà nílé. Ní gbogbo àkókò yẹn, ojú ọgbẹ́ ò sinmi. Ó ń wú, ó ń gbóná, ó kàn jẹ́ pé ìròyìn rẹ̀ ò dé ọpọlọ ni. Nígbà tí ọ̀nà bá ṣí, gbogbo rẹ̀ á ya dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ìrora ń gùn díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ á ti máa múra sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ó sùn láìní ìrora, tó jí sínú rẹ̀, kò ní ohun tó máa fi kò ó lójú.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n pè mí. Títì ṣófo, mi ò pẹ́ dé ibẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin ti di orí wọn mú mọ́ àyà, ó ń sunkún ju wọ́n lọ. Mo bi wọ́n léèrè ìgò. "Ó ti ń dà sílẹ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, lóòótọ́ ẹ ò ní kí n ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún mi pé ó ń padà bọ̀."

Mi ò ní èsì kankan. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

A fún wọn ní oògùn èébì, a fi parasitamọ́ọ̀ sínú omi, mo sì ń fún wọn ní morphine fúnra mi, mílígíráàmù 2 lẹ́ẹ̀kan, mo ń dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ń ka èémí wọn kí n tó tún fún wọn. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ kì í tètè tọ oògùn yìí dànù, nítorí náà ìdúró láàárín rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. A fi ẹ̀rọ tó ń ka atẹ́gùn ara sí wọn níka, a sì fún wọn ní ọ́síjìn. Lẹ́yìn mílígíráàmù 6, ìgò lọ sílẹ̀ dé ìdajì. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni wọ́n ní kí ọmọ wọn lọ fi omi bọ́jú.

Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n tún dí nẹ́ẹ̀fù náà lójú ẹsẹ̀. Mo dúró títí di aago mẹ́jọ kọjá, kí wákàtí méjìlá lè pé lórí abẹ́rẹ́ tó ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó da mìlílítà 15 sí adductor canal. Mo sì jókòó ti Màmá àti ọmọ wọn. Mo sọ fún wọn pé tí alẹ́ bá ti lẹ́, tí ilẹ̀ ń ṣú sí i, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́, oògùn ló ń ṣíwọ́. Mo fa "tí ìrora bá wà" rẹ́, mo kọ ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí parasitamọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé lójúmọ́, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, mo sì fi tramadol mílígíráàmù 50 kún ti alẹ́ pẹ̀lú oògùn èébì, kó lè ti wà nínú ara kí bulọ́ọ̀kì tó lọ. Wọ́n fi yìnyín tí a wé sínú aṣọ lé orúnkún. Ní òru kejì, ìrora gun dé ìdajì ìgò, kò kọjá ibẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, físíò dé. Kó tó jẹ́ kí Màmá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí wọ́n gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé e, ó dúró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aláìsàn tí a dí nẹ́ẹ̀fù itan rẹ̀ dìde láìṣe èyí, ibi yòówù kí a ti dí i, nítorí oògùn lè ṣàn gòkè ju bí a ṣe rò lọ. Wọ́n di wọ́kà mú, wọ́n rìn dé ojú fèrèsé. Orúnkún ká dé 60 dígírì lọ́jọ́ náà, ó dé 85 ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì ti lé ní 90 nígbà tí wọ́n lọ sílé ní ọjọ́ karùn-ún. Ti ọ̀tún, 70 náà ló wà. Ọdún méjì ti pẹ́ jù fún dókítà eegun láti fi ọwọ́ ká a sílẹ̀ lójú oorun. Láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ni èyí máa ń ṣeé ṣe. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rántí pé abẹ́rẹ́ kan ní ọjọ́ kìíní ì bá gba orúnkún yẹn là.

Bí a ṣe ń ṣe é nísinsìnyí

Lẹ́yìn Màmá, a ò fi ẹ̀yìn orúnkún sílẹ̀ mọ́. Tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ tàbí tí kò nà tán, yálà kí dókítà eegun fi oògùn rin ibẹ̀ kó tó rán an, tàbí kí n ṣe iPACK kí aláìsàn tó kúrò ní tíátà. A ti jọ sọ ọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é, a sì máa ń kọ ẹni tó ṣe é sílẹ̀ kí àwa méjèèjì má baà ṣe é kí oògùn pọ̀ jù. Òwú àti sípíríìtì wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n tó pè mí, wọ́n ti bi aláìsàn pé níbo, wọ́n sì ti fi òwú kan ojúgun. Ìpè tí mò ń gbà nísinsìnyí ń sọ ibi tí ìrora wà fún mi, mo sì ti máa ń mọ ohun tí mo máa mú dání kí n tó jáde nílé.

Ní ti wákàtí, bíírò pupa ni mo fi ń kọ ọ́ sórí ìwé oògùn: aago tí mo fún bulọ́ọ̀kì, àti aago tí mo rò pé ó máa tán. Fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, parasitamọ́ọ̀ ò ní "tí" kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an bá mi jiyàn lórí èyí. Wọ́n ní ìwà ìkà ni kí a jí àgbàlagbà tó ń sùn ní aago mọ́kànlá òru torí kó lè gbé oògùn mì. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Nínú wọ́ọ̀dù wa, oorun ṣọ̀wọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a jọ bi Màmá. Màmá ní ẹni tó bá jí òun ní aago mọ́kànlá, òun á kí i pé ó ṣeun. Ẹni tó bá jẹ́ kí aago mẹ́rin jí òun, òun ò mọ ohun tí òun á sọ fún un. Láti ìgbà náà ni Ìyá nọ́ọ̀sì fúnra wọn ti ń jí àwọn aláìsàn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ kan ń sọ pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀fù, tí oògùn á máa gba inú rẹ̀ kán fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ló tọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ tó ń fà á àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ, òótọ́ ni. Níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń tọ́jú ogún aláìsàn lóru, rọ́bà tó yọ tàbí tó kó kòkòrò wọlé láìsí ẹni tó rí i á tún di wàhálà mìíràn. Ní tèmi, àwọn abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan tí a mọ ààlà wọn àti òpin wọn, pẹ̀lú oògùn ẹnu tó ń wọlé lákòókò, ni mo gbára lé ní irú wọ́ọ̀dù tiwa.

Màmá padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Orúnkún òsì ti ń ká dé 112 dígírì, wọ́n sì ti ń jókòó sórí àpótí, wọ́n kàn ń na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹjọ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ òde ojú abẹ, awọ ara tó tó àtẹ́lẹwọ́ kú tipiri. Tí wọ́n bá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dà bí ẹni pé orúnkún ẹlòmíràn ni wọ́n fi kúnlẹ̀. Ṣé abẹ́rẹ́ mi ló pa á? Mo yẹ agbára itan àti ẹsẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ pé. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀ka kékeré kan nínú saphenous máa ń gba abẹ́ awọ iwájú orúnkún kọjá, pé ọ̀bẹ kò lè ṣí orúnkún láti iwájú kó má gé e, àti pé ibi tó kú náà sábà máa ń dín kù bí oṣù ṣe ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ lè ṣẹ́ kù. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì bi mí bóyá mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó wọ tíátà. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n kàn wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ti fi í kún ohun tí mò ń sọ fún aláìsàn kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, pẹ̀lú aago tí ìrora máa padà.